Má Gé E, Mo Fẹ́ Kírun

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá àgbà kan ní ìlú Ara ti já fóònù mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pè é létí kí ìpè rẹ̀ tó kan Labeebah, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ìpè kẹta nìyí, kò sì sí ìkẹrin.

Lókè ilé alájà kan lọ́nà Pólì, ní Ẹdẹ, ni ọ́fíìsì wọn wà. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀, kọ̀ǹpútà níwájú oníkálukú, íápíìsì létí, tí wọ́n ń bá àwọn ẹgbẹ́ àti iléèwòsàn pe àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sí síìmù, kò sí káàdì tí ẹnikẹ́ni ń ha. Wọ́n á tẹ orúkọ, ohùn á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, fóònù á sì dún lọ́wọ́ ẹni tó wà lóko. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláàánú kan tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún àwọn arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọgọ́ta èèyàn ni àyè wà fún. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń bọ̀ ni wọ́n á dá àyè sí fún. Ẹni tí ìpè rẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀mẹta, kọ̀ǹpútà á kọ "Kò fẹ́" síwájú orúkọ rẹ̀, á sì gbé àyè náà fún ẹlòmíì lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò rò ni pé nọ́ńbà Èkó ló ń jáde lójú fóònù tí wọ́n bá pè. Ní agbègbè Ẹdẹ, bí nọ́ńbà Èkó tí èèyàn kò mọ̀ rí bá pè, tí ohùn kan sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun fẹ́ fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, gbájúẹ̀ ni. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀, àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn arúgbó tí àwọ̀ funfun ti bo ẹyinjú wọn wá ń fi ọwọ́ ara wọn já ìpè tó fẹ́ la ojú wọn.

Ọ̀gá Ọládélé, máníjà wọn, ní ìwé tí wọ́n fún wọn ni kí wọ́n kà, kí wọ́n má sì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ẹni ọ̀hún bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n gé e. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá yìí, kì í pariwo. Ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń dunni. Lọ́jọ́ tí Labeebah kí bàbá àgbẹ̀ kan kú oko, tó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ àti ti ewúrẹ́ tó ń ké nítòsí, ọ̀gá ṣí ìpè náà sókè kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n wá gbọ́ dókítà ewúrẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Precious tó jókòó tì í ló rín in jù, Labeebah alára sì bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n kò yéé kí èèyàn. Bó bá ti gbọ́ ohùn, ó ti rí ilé nìyẹn: ariwo adìyẹ á fi àgbàlá hàn án, ìró odó á fi ìyàwó ilé hàn án. Kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń wọ ilé onílé láì kágò.

Kúlúsúmù Àtàndá ni orúkọ ìyá Ara yìí. Nígbà tó gbé fóònù, Labeebah kò wo ìwé. Ó kí i kú ìrọ̀lẹ́, ó kí i kú ìnira ojú, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì ní òun kò sí l'Ékòó rárá, Ẹdẹ níbí lòun wà. Ìyá béèrè ọmọ ta ni í ṣe. Ó ní ọmọ Jibril ni, èyí tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta Sẹkọ́nà.

"Gbájúẹ̀ tó kó wa lọ́dún tó kọjá mọ orúkọ ọkọ mi," ni ìyá wí. "Ó tún kì í ní oríkì. Jibril wo lo wá ń sọ fún mi?"

Labeebah ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá jàre, òun náà kò ní gbà gbọ́. Ó wá béèrè kí lòun lè ṣe tí gbájúẹ̀ kò lè ṣe.

Ohùn ládàánì wọlé láti ẹ̀yìn ìyá.

"Wọ́n ti pe Alásárì," ló wí. "Má gé e, mo fẹ́ kírun. Gbájúẹ̀ kì í ní sùúrù. Bí mo bá kí i tán tí o ṣì wà níbẹ̀, a óò sọ̀rọ̀."

Labeebah gbọ́ bí fóònù ṣe kan orí àpótí, ó gbọ́ ọ̀pá tó ń wá ilẹ̀ kiri, ó gbọ́ omi àlùwàlá. Lẹ́yìn náà, adìyẹ nìkan ló kù. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Nọ́ńbà tó ń ka àkókò lójú kọ̀ǹpútà yí padà di pupa, Ọ̀gá Ọládélé sì ti yàrá rẹ̀ jáde wá. Ó béèrè lọ́wọ́ Labeebah ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tí ẹni náà kò fèsì.

"Ìyá kan ní Ara ni, sà."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ń kírun, sà."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ kò gbà wọ́n kí wọ́n máa gbọ́ adìyẹ àwọn ará Ara, kó gé e. Labeebah ní òun kò ní gé e. Ọ̀gá bi í bóyá kò gbọ́. Labeebah ní òun gbọ́. Ọdún méjì ló fi jókòó sílé kó tó rí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára íápíìsì.

"Bí mo bá gé e, gbájúẹ̀ náà ni mo jẹ́ nìyẹn, sà. Ìgbà kẹta nìyí. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ pé kò fẹ́, irọ́ ni."

Ọ̀gá ní kò burú, òun náà lè gé e láti yàrá òun.

"Ẹ gé e, sà. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá gé ìpè. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ já fóònù mọ́ arúgbó tó wà lórí ìrun, tí ẹ gba ojú rẹ̀ fún ẹlòmíì. Èmi ò ní fọwọ́ mi ṣe é."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀gá wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò lọ, kò sì jókòó.

Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Bátìrì ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fín-ín, fín-ín. Gbogbo wọn mọ ohun tí igbe yẹn ń wí: ẹrù ti pọ̀ jù fún un, íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ lọ. Precious dìde. Ó pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó pa fáànù tó wà lórí wọn.

"Ẹ pa tiyín," ló sọ fún àwọn yòókù. "Ẹ jẹ́ kí iná tó kù gbé ìyá dé ibi tó ń lọ."

Ọ̀gá bi í bóyá iṣẹ́ ti sú òun náà.

"Rárá o, sà. Kọ̀ǹpútà mi ló rẹ̀, mo ní kó sinmi."

Wọ́n ń pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ti Labeebah nìkan. Igbe bátìrì dáwọ́ dúró. Ooru mú wọn. Adìyẹ ń ké l'Ára, Labeebah ń gbọ́ ọ. Kò mọ bó ti pẹ́ tó kí ọ̀pá ọ̀hún tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀ bọ̀.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, ìyá. Ọlọ́hun á gbà á."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó rí olè mú tí olè náà sì wá di ọmọ rẹ̀. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ka tẹ̀súbáà lé e ni. Mo ní kí n wò ó bóyá o máa sá."

Ó wá béèrè ọjọ́, ó béèrè bóyá ó máa dun òun, ó béèrè ẹni tó máa di òun lọ́wọ́ mú wọlé. Labeebah dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú.

"Kọ ọ́ pé Kúlúsúmù ń bọ̀," ni ìyá wí, ó sì pa fóònù fúnra rẹ̀.

Labeebah kọ ọ́. Ọ̀gá Ọládélé bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó wo àkókò ìpè náà, ó ní òun á kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́ wọn l'Ékòó nírọ̀lẹ́ yìí, ìwé ìdádúró rẹ̀ á sì dé lọ́la.

"Ẹ kọ ọ́, sà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni, ẹ má dín in kù. Kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ń bọ̀."

Ọ̀gá padà sínú yàrá rẹ̀. Orúkọ mẹ́sàn-án ló kù lára àwọn tó ti já ìpè lẹ́ẹ̀mejì, iná kò sì tíì dé. Labeebah fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó tẹ orúkọ tó kàn, ó ń retí kí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.