Ẹmu Boniface àti Ìyẹ̀fun Rọ́bà

Ní ọdún 1956, ilé ìṣẹ́ kan wà ní Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti ń fi rọ́bà tuntun bo táyà tó ti dán. Ibẹ̀ ni Ambrose ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ rọ́bà kí ó tó wọ iná. Láti Èkó ni wọ́n ti ń kó ìyẹ̀fun náà wá nínú àgbá. Imí ọjọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, òun ló sì ń jẹ́ kí rọ́bà tètè jinná kó sì le. Bí Ambrose bá fi máa ṣíwọ́, ìyẹ̀fun náà á ti bo irun àti apá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó lọ kí Boniface, ẹ̀gbọ́n Theresa ìyàwó rẹ̀, ní Ìpele. Ẹmu ni Boniface ń dá tà, ó sì bù ú fún àna rẹ̀. Ife kan péré ni Ambrose mu tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àwọn yòókù mu nínú agbè kan náà, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó sọ lójú gbogbo wọn pé Boniface ti fi nǹkan sínú ife òun.

Ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn. Theresa ò bá ọkọ rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ilé wọn ní Ìpele létí rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ń kó ìyẹ̀fun wá láti Èkó bi Ambrose bóyá ó ń mutí. Ó ní àwọn tó ń po ìyẹ̀fun náà lọ́dọ̀ àwọn kì í lè fẹnu kan ọtí; ojú wọn á pọ́n, àyà wọn á máa lù. Fàsásì, tí òun àti Ambrose jọ ń ṣiṣẹ́, tí kì í mutí rárá, rẹ́rìn-ín. Ambrose ò rẹ́rìn-ín.

Ó bẹ Fàsásì kó gba iṣẹ́ pípò náà lọ́wọ́ òun. Nígbà tó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò kan ìyẹ̀fun mọ́, òun àti Theresa lọ sí Ìpele. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Boniface lójú àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ níjọ́sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Iṣẹ́ mi ló ṣe mí, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹmu. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, àmọ́ ó mu ún tán. Gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀. Kò pọ́n.

Àwọn oníbàárà padà. Boniface ní òun ti dárí jì í, ó sì jọ pé òótọ́ ni, torí ó ń bá a ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún fọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹmu fún un mọ́ láé. Bí Ambrose bá dé, á gbé agbè àti ife kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bù ú fúnra rẹ," ni yóò wí, láìsí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀.

Ambrose á sì bù ú.