Páálí Tí Mo Fi Pa Orest

Páálí ni mo fi pa ẹ̀gbọ́n mi. Páálí tí wọ́n fà ya sí méjì ni, pẹ̀lú gègé dúdú kan tó nípọn tí obìnrin kan yá mi lórí ìlà. N kò mutí lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì fi ìbọn sí mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà máa wá àwíjàre fún mi. Èmi náà ti wá a títí, n kò rí.

Orest ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọdún kan ààbọ̀ péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà bí ọ̀rẹ́ la ṣe dàgbà, à ń jà, à ń rẹ́. Òun ló kọ́kọ́ mú kásẹ́ẹ̀tì Lyle Brannock wọ ilé wa ní Dauphin, ìlú kékeré àwọn àgbẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Inú ọkọ̀ akẹ́rù bàbá wa la ti máa ń gbọ́ ọ, torí màmá wa ní orin rọ́ọ̀kì kì í jẹ́ kí màlúù sun wàrà dáadáa. A gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà títí ohùn Lyle fi ń dún bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Nínú gbogbo orin ọkùnrin náà, "Wáyà Ojú Ọ̀nà" ni Orest yàn láàyò, orin gígùn kan tí kò lókìkí rárá.

Ọdún tí Lyle kọ́kọ́ wá sí Winnipeg, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, a ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Ó ku ọjọ́ méjì kí a lọ, mo já bọ́ láti òkè abà, ẹsẹ̀ mi sì kán. Mo ní kí Orest máa lọ ní tirẹ̀.

"Kí n lọ, kí o wá fi ọ̀rọ̀ náà bú mi dọjọ́ alẹ́? Mi ò lọ o."

"Mi ò ní bú ẹ."

"Irọ́ ńlá. Gbọ́, Oksana. Àwa méjèèjì la máa lọ, tàbí ká má lọ rárá. Mi ò lè fi ẹ́ sílẹ̀ níbí kí n wá máa pariwo bíi wèrè ní Winnipeg."

Ó kó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì fún àwọn ọmọ aládùúgbò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó jókòó tì mí, ó ń fi síbí lu àwo, ó ń fa ohùn bíi Lyle, títí tí mo fi rẹ́rìn-ín.

Ó ti tó ogójì ọdún báyìí. Orest ṣiṣẹ́ ní aká ọkà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, eruku ọkà sì jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, rọ́bà tín-ín-rín ló ń wà nímú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìgò afẹ́fẹ́ tó fi ń mí sì ń tẹ̀lé e káàkiri bí ajá. Kò jáde mọ́ àfi tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Gbàgede àwọn olólùfẹ́ Lyle lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù tó ti ń rí ènìyàn bá tàkúrọ̀sọ. Bàbá Aká ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí wọ́n kéde pé Lyle ń bọ̀ wá sí Winnipeg ní oṣù kẹjọ, pé ìrìn àjò rẹ̀ ìkẹyìn sì nìyẹn, Orest pè mí lórí fóònù. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Oksana, ó ń bọ̀! Àwa méjèèjì o!"

"Àwa méjèèjì," ni mo wí, tọkàntọkàn sì ni mo fi sọ ọ́.

Àfìgbà tí mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń kó àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn sí, níbi tí Lyle ò ní ju àtàǹpàkò lọ lójú ẹni. Mo ro ti ìgò tí mo máa wọ́ kiri àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo máa tì í lọ ní wákàtí-wákàtí. Mo sì tún wo iwájú, níbi ọ̀pá irin tó wà nídìí ìtàgé, níbi tí ènìyàn ti lè rí òógùn lójú Lyle. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, n kò sì dé iwájú rí. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo rà.

Mo sọ fún Orest pé tíkẹ́ẹ̀tì ti tán kí n tó débẹ̀.

"Ó tán? Láàárín ìṣẹ́jú mélòó?"

"Ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Kò burú. Àwọn kan á máa fi fóònù gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ. Wá sílé, ká jọ wò ó."

Mo ní mo ní ìpàdé iṣẹ́ kan ní Brandon lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n rọra wakọ̀.

Aago méje àárọ̀ ni mo dé Winnipeg. Àwọn olólùfẹ́ Lyle ní òfin tiwọn lórí ìlà: bí o bá ṣe dé ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí ẹ lẹ́yìn ọwọ́, tí o bá sì rìn lọ ju wákàtí kan lọ, nọ́ńbà rẹ ti wọgbó. Glenda, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan láti Moose Jaw tó ti wo Lyle nígbà mọ́kànlélógójì, ló ń kọ nọ́ńbà. Igba ó lé méjìlá ni ó kọ fún mi. Mo mọ̀ pé n kò ní dé ìdí ọ̀pá irin mọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n inú wọn dùn, wọ́n fún mi ní kọfí àti búrẹ́dì, a sì jọ ń pa ẹ̀fọn.

Bí ẹ bá ti lọ wo Lyle rí, ẹ mọ̀ nípa páálí. Tó bá kọrin dé ìdajì, ó máa ń mú páálí mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ará iwájú, á sì kọ orin tí wọ́n kọ síbẹ̀. Gbogbo ìlà ló ń kọ páálí lọ́sàn-án náà.

"Ọmọ Dauphin, ìwọ ńkọ́?" ni Glenda bi mí. "Orin wo lo fẹ́ tọrọ?"

"'Wáyà Ojú Ọ̀nà'."

Wọ́n hó yèè. "Ìyẹn kẹ̀? Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti kọ ọ́ gbẹ̀yìn! Ta ló ran ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Orin ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló jẹ́ kí n mọ Lyle."

"Òun dà? Kí ló dé tí kò bá ẹ wá?"

Ìbéèrè lásán ni. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Glenda, ọkùnrin kan láti Thunder Bay ń bu ọbẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó ń fi ìka nu ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Odidi ọjọ́ kan ló fi wakọ̀ gbé obìnrin náà wá. Òun náà gbójú sókè, ó ń retí ìdáhùn mi. Kí ni kí n wí? Pé ẹ̀gbọ́n mi wà nílé pẹ̀lú ìgò rẹ̀, pé mo purọ́ fún un kí n lè rọ́nà wá síwájú? Ojú tì mí kọjá ohun tí mo lè fara dà.

"Ó ti kú," ni mo wí.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Glenda gbá mi mọ́ra tí kò jẹ́ kí n mí. Ó ní kí ló pa á, mo ní ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ìgbà wo, mo ní oṣù kẹrin. Ọkùnrin Thunder Bay ṣí fìlà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó ní nọ́ńbà kẹta, géńdé kan tó ti sun ìlà mọ́jú, ti fà mí lọ síwájú, ó ní kí n gba àyè òun, ó sì gbọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí àyè tèmi. Glenda fa páálí ya, ó na gègé sí mi.

"Fọwọ́ ara ẹ kọ ọ́. Lyle máa ń mọ ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀."

Mo kọ ọ́: "Wáyà Ojú Ọ̀nà, nítorí Orest, ẹ̀gbọ́n mi, tó kú ní oṣù kẹrin." Mo mọ̀ pé Orest á máa wò, ṣùgbọ́n mo rò ó pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ta ló máa rí mi?

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí Lyle jáde. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ohùn náà ni. Fóònù mi ń gbọ̀n lápò. Orest ni. Gbogbo ìgbà tí Lyle bá ń kọrin níbikíbi ló máa ń kọ̀wé sí mi. "Ó ti bẹ̀rẹ̀!" "Ìpàdé yẹn ò tíì tán?" "Gbọ́ gìtá yẹn, o ń pàdánù o." Mo kà wọ́n níbi tí mo dúró sí, igbáàyà mi lẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin.

Nígbà tó kan páálí, àwọn ará ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn mi: "Orest! Orest!" Lyle lóṣòó, ó gba páálí náà, ó kà á sínú makirofóònù.

"Kí lorúkọ ẹ, ọmọbìnrin?"

"Oksana."

"Oksana, mi ò kọ orin yìí mọ́ torí ó máa ń dun èmi alára. Àmọ́ màá kọ ọ́ fún Orest."

Wọ́n gbé ojú mi sórí pátákó ńlá, ó ga tó ilé alájà mẹ́ta. Omi ń dà lójú mi, àwọn èrò sì ń bá mi sunkún. Mo fẹ́ kígbe pé ó wà láàyè, pé ó wà ní Dauphin, ó ń wò mí. Ẹnu mi ò là. Èyí tó burú jù, tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé mo gbádùn orin náà. Fún bí ìṣẹ́jú méje mo gbàgbé pé mo ní ẹ̀gbọ́n kankan.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, Lyle bọ́ hàmóníkà ọrùn rẹ̀, fèrè pẹlẹbẹ tó ti ń fọn láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì wa, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. "Bá mi gbé e sórí ibojì ẹ̀," ló wí.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé fóònù mi ò gbọ̀n mọ́.

N kò dúró kí eré náà parí. Mo gba àárín àwọn tó ń fọwọ́ pa mí léjìká kọjá, mo sì kọrí sílé. Nígbà tí mo dé Neepawa lójú ọ̀nà, n kò lè wakọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo sùn nínú ọkọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn Orest. Ó jókòó nídìí tábìlì ìdáná, rọ́bà nímú, fóònù níwájú.

"Ìpàdé Brandon ńkọ́?"

"Orest, jọ̀ọ́, foríjì mí."

"Ta lò ń bẹ̀? Wọ́n ní mo ti kú láti oṣù kẹrin." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ó pẹ́ kí ó tó mí kanlẹ̀. "Jókòó. Ojú ń ro mí, mi ò sùn. Bá mi ka ohun tí wọ́n kọ nípa mi sí gbàgede."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi ìyẹn jẹ mí níyà. Ó kàn ti fóònù sọ́dọ̀ mi. Mo bá ń kà. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rin. Ẹnì kan láti Tulsa ní òun tan àbẹ́là fún Orest. Glenda ní òun ò tíì rí àbúrò tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n tó báyẹn. Orest ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ní, "Wọ́n ṣeun, wọ́n ṣeun," bíi pé wọ́n wá kí i nílé. Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin Thunder Bay: "Bàbá Aká, Dauphin nìwọ náà ń gbé, àbí? Ṣé o mọ Orest yìí?"

Ìdáhùn Bàbá Aká wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo rí i, mo gbé fóònù náà kalẹ̀.

"Kà á sókè," ni Orest wí.

"Mi ò lè kà á."

"Kà á, Oksana."

Mo kà á. "'Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Oksana àbúrò rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan rí.'"

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá bọ́ sínú rẹ̀. Mo yọ hàmóníkà lápò, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tiwájú-tẹ̀yìn, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ. Kò dún. Ó tún fẹ́ ẹ, ejìká rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí.

"Ìgò yìí ti fẹ́ tán," ó ní. "Ṣé wàá pààrọ̀ ẹ̀, àbí o tún ní ìpàdé?"

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ ti ìgò náà, mo dì í mú, mo sì ń wò ó. Ọdún mẹ́ta ló ti wà nínú ilé yẹn. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tú u. Orest fi èémí tó kù fún un kọ́ mi.