Ètò Tí Kò Gba Àbọ̀

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ilé ìfọṣọ, ṣùgbọ́n àbúrò yìí ló ni ọgbọ́n àgbọ́njù tó wọ ibẹ̀. Ọ̀gá Ètò ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí oyè. Ó ya àwòrán kan sára ògiri: àpótí mẹ́ta, ọfà méjì. Aṣọ wọlé, a fọ̀ ọ́, aṣọ jáde. Ó parí.

"Ẹni tó bá rí àṣìṣe ńkọ́? Níbo ló ti máa sọ ọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí ètò bá dáa, kí ló kù tá a fẹ́ sọ?"

Àwọn alágbàfọ̀ ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa béèrè ọ̀rọ̀ lórí gbogbo aṣọ. Ọ̀gá Ètò fòfin dè é: ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ ni kí wọ́n ṣe, òun ò fẹ́ gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́, sà" kankan. Kí iṣẹ́ sì lè yá, ó ti kọ "funfun" kalẹ̀ síbi àwọ̀ aṣọ nínú kọ̀ǹpútà, torí aṣọ ibùsùn ilé ìtura ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gba aṣọ aláwọ̀ mìíràn ni yóò pa á rẹ́, kó kọ àwọ̀ tòótọ́. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti wọ́.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣàkóso ètò ìsọfúnni wọn. Iṣẹ́ tó ti ń lá lálàá látìgbà tó ti jáde ilé-ìwé nìyí, ó sì ti sú u láti máa jẹun lábẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kóòtù dúdú kan ṣoṣo tó ní àti ṣòkòtò rẹ̀ ló kó sílẹ̀ fún fífọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọ̀ ńkọ́? Ọkàn rẹ̀ ti wà ní ọ́fíìsì tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kóòtù àti ṣòkòtò jáde, wọ́n ti sún kì bíi ti ọmọ iléèwé. Omi híhó tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ni wọ́n fi fọ̀ wọ́n.

"Ẹ ò rí i pé dúdú ni?" Ó kígbe mọ́ àgbà alágbàfọ̀.

"A rí i, sà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ẹ ní ká má sọ, sà."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó há ara rẹ̀ sínú kóòtù, ó fi tipátipá wọ ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà, ó sáré jáde. Àwọn alágbàfọ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọn ò sọ nǹkan kan.

"Ẹ ṣàlàyé ohun tí ètò jẹ́ fún wa," ni ìyá kan tó wọ awò ojú wí níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà.

Ọ̀gá Ètò kọjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àpótí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín fi bẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rò pé kóòtù ni. Ó wá ya ọfà kẹta, láti àpótí ìkẹyìn padà sí ti àkọ́kọ́.

"Àbọ̀ nìyí. Ètò tí kò bá gba àbọ̀, afọ́jú ni. Ẹ wo kóòtù mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣètò tó sọ ọ́ dà báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá náà fi bọ́ awò ojú rẹ̀, tó nu omijé. Ó ní iṣẹ́ ti di tiẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ó padà dé ilé ìfọṣọ tayọ̀tayọ̀, ó ya ọfà kẹta sára ògiri, ó sì pe gbogbo wọn jọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Láti òní lọ, ohun tẹ́ ẹ bá ti rí, ẹ sọ ọ́."

"Gbogbo ẹ̀, sà?" ni àgbà alágbàfọ̀ bi í.

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ṣòkòtò yín ti ya lẹ́yìn, sà. Látàárọ̀ ni, nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà."

Ọ̀gá Ètò fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Pátákó yẹn, àti bó ṣe pẹ́ tó níwájú rẹ̀! Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di inú mú, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

Ó fa àga kan, ó rọra jókòó lé ibi tó ya.

"Ṣé ó ku nǹkan mìíràn?"

"Ó kù, sà."

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ máa sọ."