Ìdérí Ìkòkò Tó Wà Lórí Òtẹ́ẹ̀lì Mi

Àlá tí mo lá lóru àná, tí mo bá sọ ọ́ tán, kí ẹ ṣáà má pè mí ní "ẹnjiníà" mọ́.

Ẹ kúkú mọ̀ pé àwòrán ilé ni mò ń yà jẹun. Ẹ sì mọ̀ pé ilé adìẹ kan àti ṣáláńgá ìjọ wa ni gbogbo ohun tí mo tíì yà tó dúró. Ṣùgbọ́n nínú àlá, èmi ni mo ya òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ilé ìgbafẹ́ tí ojú kò lè wò tán. Mo so táì mọ́rùn. Kọmíṣánnà Fákúnlé, tó wá ṣí ilé náà, mú sísọ́ọ̀sì dání, ó ní:

"Láníyọnu, kí n tó gé rìbọ́nnì, sọ ìtàn ilé yìí fún wa. Níbo lo ti rí àwọn àrà tó o dá sí i?"

Mo húkọ́ bí ọ̀mọ̀wé. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lára ilé àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé ni mo ti wò ó. Àgbàlá tó wà láàárín, ti ààfin ọba ni. Òrùlé rìbìtì tó wà lókè yẹn, Róòmù ni mo ti rí i, nígbà tí mò ń gbébẹ̀."

Èmi tí mi ò kọjá Kútọnu rí!

Ni òrùlé náà bá húkọ́. "Róòmù wo, Láníyọnu? Ìdérí ìkòkò ìyá rẹ ni mí."

Kò yà mí lẹ́nu. Ìdérí tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, àgbà ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Kọmíṣánnà ní ká lọ sí ọ́fíìsì òun lọ tún ìtàn náà ṣe. Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó láàárín odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà, tòun ti tábìlì àti fáànù. A lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ taṣọ-taṣọ. Kí ọ̀gá tó jókòó, irùngbọ̀n ti yọ, ìwo ti hù: ó ti di òbúkọ. Ó fa àwòrán òtẹ́ẹ̀lì mi yọ lórí tábìlì, ó ń jẹ ẹ́.

"Sà, apá ìlà-oòrùn nìyẹn."

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

Bó ṣe ń jẹ àwòrán ni ilé ń pòórá lódìkejì omi. Àtẹ̀gùn lọ. Yàrá lọ. Àwọn àlejò ń já bọ́ sínú koríko tàwọn ti táwẹ̀lì nídìí. Ilé gidi kan ṣoṣo tí mo ní láyé! Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, sà, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."

"Sọ ibì kan tó jẹ́ tìrẹ, tí kì í ṣe ti ṣekárími."

Mo ronú títí. "Fèrèsé ilé ìdáná ni, sà. Ìyá mi kúrú. Gbogbo ilé ìdáná tí wọ́n lò láyé, fèrèsé ga jù wọ́n lọ. Èéfín ló ba ojú wọn jẹ́. Mo ní tí mo bá ya ilé ńlá lọ́jọ́ kan, fèrèsé ibẹ̀ ò ní ga ju àyà wọn lọ."

Òbúkọ ò jẹ mọ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìtàn nìyẹn," ló wí.

Fèrèsé náà nìkan ló kù, ó dúró gedegbe lójú òfuurufú. Ó ṣí. Ìyá mi, tó ti kú tipẹ́, yọrí jáde.

"Láníyọnu, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi dáadáa. O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó o kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun?"

Mo fẹ́ dáhùn nígbà tí ìyàwó mi gbá mi lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Títóbi, ẹ dìde! Òjò ti ń rọ̀ sórí ibùsùn. Fèrèsé tí ẹ yà yìí ò ṣeé tì mọ́ o."

Mo dìde, mo tì í títí. Kò gbà. Ẹ̀yìn mi ni mo fi dí i títí òjò fi dá.