Fáṣínà Jẹ́ Ọlọ́pàá Ìdúmọ̀tà Nípè

Bí kì í bá ṣe ti ọmọ tí ó lọ́kọ sí Èkó, kò sí ohun tí ìbá gbé Fáṣínà, àgbẹ̀ ará Ahoyéyé, kọjá Sakété. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì tí Dàhómì, ìyẹn orílẹ̀-èdè Benin òde òní, gba òmìnira, Jádesọ́lá àbígbẹ̀yìn rẹ̀ bímọ ọkùnrin, ó sì ránṣẹ́ pé kí bàbá òun wá wo ọmọ. Ni Fáṣínà bá wọ ọkọ̀ kámíọ̀ ní Pobè. Nígbà tí ó sọ̀ ní Sakété, ó bá Ràúdátù aláṣọ, ẹni tí ó máa ń ná ọjà Èkó, kẹ́gbẹ́ lọ.

"Bàbá, tí a bá débẹ̀, ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ọ̀sán gangan ni wọ́n sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ní ọ̀nà oko Ahoyéyé, gbogbo ẹni tí a bá pàdé là ń kí, nítorí náà Fáṣínà bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú ẹrù o!" Kí ó tó kí ẹnì kan tán, ogún ti kọjá. Ọkọ̀ pàápàá fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, Fáṣínà ní, "Hòóò, ẹ ṣeun!"

Bí Ràúdátù ṣe dúró láti tún ẹrù rẹ̀ dì, Fáṣínà rí ọlọ́pàá kan lórí àpótí láàrin títì, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń juwọ́ pe ènìyàn. Fáṣínà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Òun ni, dájúdájú. Ó wo apá òsì bí wọ́n ti ń ṣe ní Pobè, kò rí ọkọ̀, ó bá kó sójú títì. Àṣé apá ọ̀tún ni ọkọ̀ Èkó ń gbà bọ̀ láyé ìgbà náà! Táyà ké, awakọ̀ ké, Ràúdátù náà ké. Ṣùgbọ́n Fáṣínà dé ẹsẹ̀ àpótí ọlọ́pàá láìfarapa.

"Ọmọ mi, o pè mí, mo dé."

"Èmi kẹ̀? Bàbá, ọkọ̀ ni mò ń pè!"

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn!"

Àánú rẹ̀ ṣe Fáṣínà. "Ṣé wọ́n sì ń gbọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọlọ́pàá náà já lulẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, gbogbo ọkọ̀ dúró gbọnin. Fáṣínà rọra ń kọjá, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé òdìkejì.

"Bàbá! Ẹ̀gbẹ́ ibí ni mo wà!" Ràúdátù ló ń pariwo láti ibi tí ó ti fi í sílẹ̀.

Ọlọ́pàá mí kanlẹ̀, ó tún na ọwọ́ méjèèjì.

Nílé Jádesọ́lá ní Èpètẹ̀dó, ariwo ìgboro kò jẹ́ kí Fáṣínà fojú kan oorun fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, ó ti dá ohùn ẹlẹ́po kẹrosín-ìn mọ̀ yàtọ̀ sí ti oníbúrẹ́dì, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, ó jí, kò gbọ́ ìró kankan. Ó fò dìde, ó gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Jádesọ́lá! Jádesọ́lá! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Ọjọ́ Àìkú ni."