Ẹ̀rù Ṣúgà

Òógùn ti rin ẹní gbindingbindin lábẹ́ Bàbá Àpọ́nlé kí Dókítà Fàòsíyà tó já wọlé. Ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀ wa pọ̀.

“Oko la ti gbé wọn,” ni Ṣùkúrù wí, àbúrò ọkùnrin náà tó pe dókítà láti Àgọ́-Àrẹ. “Ebè ni wọ́n ń kọ tí wọ́n fi ṣubú.”

Fàòsíyà kúnlẹ̀, ó gún ìka aláìsàn náà, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà. Nígbà tó rí nọ́ńbà tó jáde, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà tó ti ń ṣe ìwádìí àtọ̀gbẹ káàkiri Òkè-Ògùn, ṣúgà tó lọ sókè ló ń lé kiri. Kò tíì rí èyí tó lọ sílẹ̀ tó báyìí lára ẹni tó ṣì ń mí. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kó oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ fún ọkùnrin yìí, nítorí ìwádìí náà. Àbí mo ti pààyàn ni?

“Ṣúgà! Tàbí oyin. Kíá!”

Ìyá Àpọ́nlé, ìyàwó ọkùnrin náà, na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

“Ṣúgà kẹ̀? Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni? Ẹ̀yin náà lẹ dúró níwájú wa tẹ́ ẹ ní ṣúgà ni yóò gé wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ fi àwòrán hàn wá. Mi ò lè sùn lọ́jọ́ náà.”

“Màmá, òun ló tán lára wọn báyìí.”

“Èwo wá nirọ́? Tọjọ́ náà ni, àbí toní?”

Fàòsíyà wo ẹsẹ̀ aláìsàn náà. Ní Ṣakí, ẹsẹ̀ bàbá tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé kí àìsàn náà tó gbé e lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a sá. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà ni yóò gbọ́ràn.

Bàbá Àpọ́nlé bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Dókítà rá dé ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó dì í mú. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

Ìyá Àpọ́nlé wò ó títí. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ṣùkúrù ti sáré jáde lọ mú oyin wá.

Wọ́n dojú aláìsàn náà kọ ẹ̀gbẹ́. Fàòsíyà ń fi ìka ra oyin mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má baà pá a lórí. Ó ra á, ó dúró. Ó ra á, ó dúró. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ṣẹ́jú.

“Ta ló da oyin sí mi lẹ́nu?”

Ìyá Àpọ́nlé bú sẹ́kún.

“Màmá, kí ni wọ́n jẹ lánàá?” ni Fàòsíyà bi í.

“Ẹ̀fọ́.”

“Ẹ̀fọ́ àti kí ni?”

“Ẹ̀fọ́ lásán. Ẹ ní iṣu ń di ṣúgà nínú ara, mo bá kó gbogbo iṣu ilé fún Ṣùkúrù. Àmọ́ oògùn yín, wọn ò fò ó rí.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ìyìn.

Fàòsíyà fìdí kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ ikú bàbá rẹ̀, òun ló ti ń pín láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú oògùn. Wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó ní kí Ṣùkúrù lọ gbé iṣu wá, kí wọ́n gbé e kaná. Kò lè kúrò níbẹ̀ lọ wo àwọn aláìsàn rẹ̀ yòókù; oògùn náà ṣì wà lára ọkùnrin náà. Ó mú fóònù, ó pe Ìyá Débọ́lá, obìnrin tó ń yan gàrí ní Ìgànná, tí òun náà wà nínú ìwádìí.

“Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

“Dókítà wa! Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti lo oògùn. Oúnjẹ ò kan ẹnu mi láti àná.”