Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Wọn Bàbá Télọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé yín: òṣùwọ̀n mi kì í purọ́. Àwọn ènìyàn ló ń purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó sanra á ní òṣùwọ̀n ti bàjẹ́, ẹni tó rù á ní òṣùwọ̀n ti bàjẹ́, oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ kò pé á sì máa fi ọwọ́ gbá a lórí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé àpótí irin mi lọ síbẹ̀, kí n fi han gbogbo wọn pé ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Òṣùwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí mo bí kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà kò sì gbà kí a gbé òun sórí ìwọ̀n.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn oníkíndìnrín pè mí lórí fóònù pé ojú ẹ̀rọ tuntun tó ń gbé nọ́ńbà jáde, tí mo fi sí bẹ́ẹ̀dì ìwọ̀n àwọn, fẹ́ pa ènìyàn, inú ti bí mi kí n tó gbọ́ ìyókù.

"Ojú tèmi? Ta ló fẹ́ pa?"

"Bàbá Télọ̀ ni."

Ìbínú mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo mú àpótí mi, mo jáde.

Bàbá Télọ̀ rán aṣọ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, lẹ́yìn náà ni kíndìnrín rẹ̀ náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Omi tó bá mu kò rí ọ̀nà jáde mọ́, inú ara ló ń jókòó sí. Ẹ̀rọ kan ní wọ́ọ̀dù yẹn ló ń bá a fà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò mọ iye omi tó yẹ kó fà; bẹ́ẹ̀dì tó ń wọn ènìyàn ló ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Dókítà ti sọ iye kílò tó yẹ kí Bàbá jẹ́ bí omi àpọ̀jù kò bá sí lára rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì á sọ iye tó jẹ́ lọ́jọ́ náà, ohun tó bá lé lórí iye tí dókítà sọ ni omi tí wọ́n máa ní kí ẹ̀rọ fà. Bí bẹ́ẹ̀dì bá sọ ju iye tó jẹ́ lọ, omi tí ara rẹ̀ nílò gan-an ni wọ́n ń fà kúrò yẹn.

Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ ojú bẹ́ẹ̀dì náà, ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì wí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí Bàbá bá ti ń kúrò lórí ẹ̀rọ báyìí ni iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á fà, òógùn á bò ó, á sì dákú. Dókítà rò pé ara rẹ̀ ni kò gba ẹ̀rọ mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò dá ìtọ́jú náà dúró. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí kò sì lè lo ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ.

"Màmá, ìyàwó wọn, ò tíì gbọ́," ó ní. "Dókítà máa sọ fún wọn lónìí, tí o bá ní ẹ̀rọ ò jẹ̀bi."

Bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo létí fèrèsé. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni irin kan wà, tí a lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ lára. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sókè, irin yẹn á tẹ̀, ìtẹ̀ tí ojú kò lè rí, wáyà á sì nà pẹ̀lú rẹ̀. Nínà yẹn ni ojú ẹ̀rọ ń kà. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ kílò. Èmi ni mo ń kọ́ ọ. Màá tẹ bọ́tìnnì, màá ní: bí òfìfo ṣe rí nìyí, òdo nìyẹn. Màá gbé irin tí mo mọ ìwúwo rẹ̀ lé e, màá ní: bí èyí ṣe rí nìyí, má gbàgbé. Ó dà bí ìgbà tí a ń kọ́ ọmọdé ní a, b, d.

Mo yẹ gbogbo wáyà wò, kò sí èyí tó bó. Mo tẹ òdo. Mo to irin sí àárín, ó kà á pé. Mo kó wọn lọ sí apá orí, sí apá ẹsẹ̀, sí ọ̀tún, sí òsì, iye kan náà ló ń sọ. Mo kó gbogbo wọn kúrò, ó padà sí òdo. Nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè jẹ́jẹ́, ó sì ń dúró jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e wá. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí a ti ń sọ fún un bó ṣe máa fara balẹ̀ tó kó tó gbé nọ́ńbà kalẹ̀. Ọwọ́ mi máa ń le níbẹ̀, nítorí mo kórìíra nọ́ńbà tó ń jó. Nọ́ńbà tó ń jó, ẹlẹ́rìí tí kò lè wo ojú ènìyàn ni.

"Ó dójú ìwọ̀n," mo sọ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn lẹ́nu mi bí orin. Lọ́jọ́ yẹn, ó korò.

Ó mí kanlẹ̀. "Ó parí nìyẹn."

"Kò tíì parí. Irin nìkan ni mo tíì gbé lé e. Ẹ jẹ́ kí n rí Bàbá fúnra wọn lórí rẹ̀."

Wọ́n tì í dé lórí kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ìyá arúgbó kékeré kan tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́, nítorí ó lè wà nínú yàrá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òun ló fi bọ́tìnnì sí gbogbo aṣọ tí ọkọ rẹ̀ rán láyé.

"Ìyá Òṣùwọ̀n," ni Bàbá wí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, "o tún ti gbé irin rẹ dé. Tépù tèmi ò lo iná rí, kò sì pariwo."

"Bàbá, tépù yín yẹn náà ló ń jẹ́ kí ṣòkòtò ya ènìyàn nídìí."

"Ẹni tó lọ jẹun lẹ́yìn tí mo wọ̀n ọ́n tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n wò ó, èmi ò lè wọn ènìyàn láì fọwọ́ kàn án. Ìwọ kàn ń dúró lókèèrè, o ń tẹ bọ́tìnnì."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òtútù kì í pẹ́ mú Bàbá, nítorí náà wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé ọrùn. Màmá fa àga sún mọ́ ibi orí rẹ̀, ó jókòó. Mo dúró ti ojú ẹ̀rọ níbi ẹsẹ̀. Nọ́ńbà gòkè, ó gòkè díẹ̀ sí i, ó dúró. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kà á, ó mi orí. Ó lé lórí iye tí dókítà sọ, ó lé dáadáa.

Ìgbà náà ni dókítà wọlé, ó di fáìlì Bàbá mọ́ àyà. Màmá dìde, ó kúnlẹ̀ kí i. Nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Mo nu ojú mi. Ó ń wálẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Màmá padà jókòó, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn, títí ó fi padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Mo fi ojú tẹ̀ lé apá náà láti èjìká títí dé ibi tó ti wọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ìgbọ̀nwọ́ Màmá wà lórí fóòmù bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ara rẹ̀ sì wà lórí ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ènìyàn ni àwọn nọ́ọ̀sì ń lé kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó ka nọ́ńbà. Ìyá Jẹ́jẹ́ nìkan ni wọn kì í lé, nítorí kò sẹ́ni tó ń rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wá kiri nìyẹn, ó dé ọwọ́ mi: ẹ̀rọ mi kò jẹ̀bi, mo sì lè tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi. Mo la ẹnu. Màmá gbé ojú sókè wò mí.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo rí i pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí wọn ò fẹ́ sọ fún mi. Kí ló ń ṣe é lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí? Ẹ má fi pamọ́ fún mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ẹ̀rọ ni, Mà," mo ní. "Ojú ẹ̀rọ ló ń ṣì í kà. A máa tún un ṣe báyìí."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni rí ẹja lórí igi. Èmi tí mo bá gbogbo iléeṣẹ́ oníyẹ̀fun kan jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà! Mo ṣẹ́jú sí òun àti dókítà, a jáde sí kọ́rídọ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti sọ òótọ́ fún wọn. Dókítà ṣí fáìlì, ó pa á dé.

"Ìyẹn ni pé ara wọn ò kọ ẹ̀rọ."

"Ara wọn ò kọ nǹkan kan, Dókítà. Ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó wọn lẹ ń fa omi rẹ̀ lára wọn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Gbogbo ìgbà ni mo ń kí wọn níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Mi ò wo ọwọ́ wọn rí." Ó wọ awò náà padà. "Tí Màmá bá mọ̀ pé àwọn ló fà á, wọn ò ní lè fọwọ́ kan Bàbá mọ́."

"Wọn ò ní mọ̀," ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì dáhùn. "Láti òní lọ, òfin ni: gbogbo ọwọ́ kúrò lára bẹ́ẹ̀dì, títí kan tèmi."

A padà wọlé. "Màmá," mo ní, "ojú tuntun yìí ní ìgbéraga bí ìyàwó tuntun. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá ń kà."

Kíá ló ti yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó kó méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá jáde lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń táràrà lórí fóòmù bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Bó ṣe ń mira bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń bẹ̀rẹ̀ ìfarabalẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

Ó dá ọwọ́ náà dúró ní ṣíṣí sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀. A ń dúró. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìfarabalẹ̀ tí mo fi ń yangàn yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ti àtijọ́ kì í pẹ́ báyìí," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Kí n tó jókòó tán, wọ́n ti kà á. Tuntun yìí, a ó máa dúró, a ó máa dúró, títí á fi rẹ̀ mí, màá wá fara ti…"

Ó wo fóòmù níbi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà ń wo bàtà rẹ̀. Ìgbà náà ni ohun tí Màmá sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí dáadáa. Ti àtijọ́ kì í pẹ́. Èmi ni mo ní kí tuntun máa pẹ́, kí nọ́ńbà má baà jó lójú mi.

"Màmá," mo ní, ohùn mi sì le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, "ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀rọ ni. Ó ń pẹ́ jù, èmi ni mo sì ní kó máa pẹ́. Ẹni tí a dá dúró tó báyẹn, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní fara ti nǹkan?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wọ ibi ètò ojú ẹ̀rọ náà, mo gé ìdúró yẹn kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Mo tún fi irin wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì ń sọ òótọ́. Nọ́ńbà náà fò sókè, ó gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, ó sì dúró kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kà á. Díẹ̀ ló fi lé lórí iye tí dókítà sọ.

"Ó tán, Mà. Ẹ dì wọ́n mú padà."

Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń bẹ̀rù. Bàbá ló na ọwọ́ gbà á. "Jókòó, jàre," ó ní. "Ọwọ́ mi ti ń tutù."

Omi díẹ̀ ni ẹ̀rọ fà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, gbogbo wa ń wo ẹsẹ̀ Bàbá. Iṣan kò fà, òógùn kò bò ó. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ẹni tó gbé bàtà òun. Dókítà lọ fi fáìlì padà sí ibi tó ti mú un, mo sì gbọ́ tó ń súfèé ní kọ́rídọ̀.

Wọ́n ní láti tún Bàbá wọ̀n kó tó lọ sílé. Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà dé, ọwọ́ náà padà síbi tó ti kúrò.

"Ìyá Òṣùwọ̀n," ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì pè mí, ó tẹ̀ sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, "nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yìí ṣì ń jó díẹ̀ o. Ṣé o ò ní tún un ṣe?"

Mo ti ń ti àpótí mi pa.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó máa jó."